Kí ẹ tó ra graphics card tuntun: ìtọ́sọ́nà fún olóòtú fídíò ní Èkìtì

Nígbà tí fídíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í há lórí timeline (ibi tí a ti ń to fídíò tí a sì ń gé e nínú sọ́fúwía), tí àwòrán ń dúró tí ohùn sì ń lọ níwájú rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ olóòtú ni pé kí òun lọ ra graphics card tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn tí wọ́n ń fi iṣẹ́ náà jẹun ní Èkìtì, àwọn tí wọ́n máa ń lọ ya fídíò ìsìnkú ní Ìkọ̀lé ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún wọn á sì ti máa pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní owó àfiṣòfò. Ohun tí mo fẹ́ kí ó mọ̀ ni pé apá kan péré nínú kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró nígbà kan náà, àti pé apá yẹn ni ó yẹ kí a ná owó lé lórí, yálà òun ni ó wọ́n jù lọ́jà tàbí òun kọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí iṣẹ́ ti ń há

Ẹ ṣí iṣẹ́ kan tí ó ń yọ yín lẹ́nu gan-an. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè yọ, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Performance sí, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí timeline máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ ó máa wò: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), Memory (ìyẹn RAM, ibi tí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ń dúró sí), Disk (ibi tí fáìlì ń gbé) àti GPU (ẹ̀rọ àwòrán, irú èyí tí ó wà lórí graphics card).

Bí Memory bá ti kọjá ìdá 90 nínú 100, tí Disk náà kò sì sinmi, RAM ni kò tó, nítorí pé Windows ti ń kó ohun tí kò rí àyè nínú RAM lọ sórí disk, disk sì lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì. Bí Disk nìkan bá wà ní 100 tí àwọn yòókù sì ń sinmi, ibi tí ẹ kó fáìlì sí ni ìṣòro wà. Bí CPU bá wà ní 100 tí GPU kò sì tó 20, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé CPU nìkan ni ó ń tú fáìlì kámẹ́rà yín, kò sì sí ìdánilójú pé graphics card tuntun yóò yí ohunkóhun padà níbẹ̀. Lábẹ́ GPU, ẹ wo àwòrán tí wọ́n kọ Video Decode sí. Bí ó bá wà ní òdo nígbà tí fídíò ń lọ, kò sí ẹ̀rọ tí ó ń ran CPU lọ́wọ́.

Ẹ wá tún un ṣe pẹ̀lú fídíò lásán tí ẹ kò tíì fi àwọ̀ tàbí effect kankan sí. Bí ti lásán bá ń lọ geere, tí èyí tí ẹ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe tí ẹ sì fi noise reduction (tí ń yọ àmì tóótòòtó kúrò lójú fídíò) sí bá ń há, GPU ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí ti lásán pàápàá bá ń há, ẹ má tíì ronú GPU. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀, nítorí pé a óò padà sí i nígbà tí a bá ti parí.

Ẹ má gbàgbé ooru. Sọ́fúwía ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní HWiNFO yóò sọ bí CPU àti GPU ṣe gbóná tó fún yín. CPU tí ó bá ń sún mọ́ 95 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná, olówó rẹ̀ á sì rò pé kọ̀ǹpútà òun ti di ogbó. Eruku ni ó sábà máa ń fa èyí, tàbí thermal paste (ìpara tí ó ń gbé ooru kúrò lórí CPU) tí ó ti gbẹ, owó tí a fi ń tún un ṣe kò sì tó nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú fáìlì tí kámẹ́rà yín ń kọ

Níbí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí a ń gbé lọ sí òde ń kọ fáìlì H.264 tàbí H.265. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì fi ń mú fáìlì kéré ni pé wọn kì í kọ gbogbo àwòrán ní odidi. Wọn á kọ àwòrán kan tán pátá, lẹ́yìn náà wọn á máa kọ kìkì ohun tí ó yí padà nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, títí wọn yóò fi tún kọ odidi mìíràn. Èyí dára fún kádì kámẹ́rà, ó sì dára fún ẹni tí ó fẹ́ wo fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n olóòtú kì í wò ó bẹ́ẹ̀: á fò síwájú, á fò sẹ́yìn, á gé e láàárín, ìgbàkígbà tí ó bá sì fò, kọ̀ǹpútà ní láti padà sí odidi àwòrán tí ó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kí ó tó tún àwọn yòókù kọ́ títí dé ibi tí a fẹ́. Ìdí nìyẹn tí fáìlì kékeré fi lè wúwo lórí timeline ju fáìlì ńlá lọ. ProRes àti DNxHR ń gba àyè púpọ̀ lórí disk, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ àwòrán kọ̀ọ̀kan ní odidi, CPU kì í sì í ṣe wàhálà lórí wọn.

Ẹ̀rọ kan wà nínú GPU, àti nínú ọ̀pọ̀ CPU Intel, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tú irú fáìlì wọ̀nyí lọ. Kò sí ìyọnu fún ẹni tí ó ń lo Sony A7 III, tí ó ń kọ 4K sínú H.264 oní 8-bit 4:2:0 (nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ bí àwọ̀ tí fáìlì gbé ṣe pọ̀ tó), nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí ó jáde láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè tú u. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olóòtú bá gba Sony A7 IV tàbí Canon R6, tí ó sì yan H.265 oní 10-bit 4:2:2 nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ṣeé tún ṣe dáadáa. Graphics card Nvidia kò ní ẹ̀rọ tí ó ń tú irú fáìlì yìí títí ọ̀wọ́ RTX 50 fi dé ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n CPU Intel orí tábìlì láti ìran kọkànlá ń tú u pẹ̀lú graphics tí ó wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà Apple náà sì ń tú u láti M1 wá. Ohun tí èyí ń fà ni pé ẹni tí ó ra RTX 4070 pẹ̀lú Intel i5-12400F lè máa jìyà lórí timeline níbi tí ẹni tí ó ní i5-12400 lásán ti ń ṣiṣẹ́ geere. Lẹ́tà F yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀: CPU tí ó bá ní F lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ kò ní graphics nínú. Ó máa ń dín owó díẹ̀, àwọn ọlọ́jà a sì máa fi ìyẹn tà á, ṣùgbọ́n olóòtú fídíò kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Fídíò tí a fi fóònù yà ní ìṣòro tirẹ̀. Fóònù kì í fi iye àwòrán kan náà sínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohùn á máa yà kúrò lára ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí fídíò bá ṣe ń gùn sí i. Ẹ fi HandBrake, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, sọ ọ́ di Constant Framerate kí ẹ tó gbé e wọlé. Bí kámẹ́rà yòókù bá wà ní àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sọ ti fóònù náà di 25.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lo proxy kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Proxy ni ẹ̀dà fídíò tí ó fúyẹ́, tí a fi ń ṣe iṣẹ́ títí a ó fi parí, tí sọ́fúwía yóò sì fi ojúlówó fáìlì rọ́pò rẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé iṣẹ́ jáde. Nínú Premiere Pro, ẹ yan gbogbo fáìlì náà nínú Project, ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì, ẹ yan Proxy, lẹ́yìn náà Create Proxies, kí ẹ sì mú ProRes Proxy. Nínú DaVinci Resolve, ẹ yan wọn nínú Media Pool kí ẹ tẹ Generate Proxy Media. Láti ìgbà tí Resolve 18 ti jáde ní ọdún 2022 ni Blackmagic Proxy Generator náà ti wà, tí yóò máa ṣe proxy fúnra rẹ̀ fún gbogbo fáìlì tí ẹ bá kó sínú fódà kan. Ẹ lè fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí iná bá wà, kí ẹ sì bá gbogbo rẹ̀ ní sẹpẹ́ ní òwúrọ̀.

ProRes Proxy ní 1080p oní 25 ń jẹ nǹkan bíi GB 17 fún wákàtí kan, nítorí náà ó ń gba àyè. Ṣùgbọ́n mo ti rí kọ̀ǹpútà oní-RAM GB 16 tí kò lè gbé kámẹ́rà kan ṣoṣo lọ geere tẹ́lẹ̀, tí ó sì ń gbé mẹ́ta pọ̀ lẹ́yìn tí a ti ṣe proxy. Bí èyí bá ti yanjú ọ̀rọ̀ yín, ẹ lè dáwọ́ ìnáwó dúró títí di ọdún tí ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sọ́fúwía

Èmi kò ní pẹ́ níbí, nítorí pé sọ́fúwía tí ọwọ́ yín ti mọ́ ni ó sábà máa ń yá jù. Ẹ kàn mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. DaVinci Resolve gbára lé GPU ju ohun gbogbo lọ. Ti ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó fún iṣẹ́ púpọ̀, títí dé 4K, ṣùgbọ́n noise reduction àti lílo ẹ̀rọ inú GPU ní kíkún láti tú H.264 àti H.265 lórí Windows wà nínú Studio, tí wọ́n ń tà ní dọ́là 295 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì lè fi sórí kọ̀ǹpútà méjì. Blackmagic, tí ó ṣe Resolve, máa ń fi ìwé àṣẹ Studio sínú páálí Pocket Cinema Camera, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ra kámẹ́rà náà ní tòkunbọ̀ lè béèrè bóyá ẹni àkọ́kọ́ ti lò ó. Premiere Pro ń gba owó lóṣooṣù, ó sì ń lo CPU àti RAM dáadáa. Final Cut Pro wà fún ẹ̀rọ Apple nìkan. Kdenlive àti Shotcut jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, wọn kì í sì í yọ kọ̀ǹpútà kékeré lẹ́nu. Sọ́fúwía tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi flash pín kiri, kì í gba àtúnṣe, ó sì lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọ inú ẹ̀rọ tí iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: disk

Bí ó bá ku owó tí ẹ fẹ́ ná, disk ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kámẹ́rà tí ó ń kọ mẹ́gábíìtì 100 (ìyẹn MB 12.5) ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń kọ GB 45 ní wákàtí kan. Ní ìgbéyàwó kan tí kámẹ́rà mẹ́ta ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, GB 810 ni ẹ ó gbé dé ilé, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odidi TB kan fún ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo.

Hard disk tí ó ń yí ń ka nǹkan bíi MB 100 sí 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kámẹ́rà mẹ́ta wọ̀nyẹn kò sì béèrè ju MB 37.5 lọ lápapọ̀, nítorí náà lórí ìwé, ó yẹ kí ó gbé e. Ìdí tí kò fi gbé e ni pé orí tí ń kàwé nínú hard disk ní láti máa sáré láàárín ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, àkókò ìsáré yẹn ni ó sì ń jẹ gbogbo agbára rẹ̀. SSD, disk tí kò ní ohun tí ń yí nínú, kò ní orí tí ń sáré. SSD onísátà ń ka nǹkan bíi MB 550, èyí tí ó tó fún kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí wàhálà. NVMe, irú SSD mìíràn tí ó yára jù, ń ka MB 3,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára, ṣùgbọ́n olóòtú H.264 kì í sábà mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti sátà lórí timeline. Ẹ fi owó tí ó kù ra èyí tí àyè rẹ̀ pọ̀.

Bí mo ṣe máa ń tò ó ni pé Windows àti sọ́fúwía á wà lórí SSD kan, iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ pẹ̀lú media cache (fáìlì ìrànwọ́ tí sọ́fúwía ń ṣe fúnra rẹ̀) á wà lórí SSD kejì, hard disk ńlá á sì wà fún iṣẹ́ tí ó ti parí. Premiere máa ń kó media cache sórí C láìbéèrè. Ẹ lọ sí Preferences, lẹ́yìn náà Media Cache, kí ẹ yí i padà. Iṣẹ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ wà níbi méjì ó kéré tán kí ẹ tó pa kádì kámẹ́rà rẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè tún ìsìnkú ṣe fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: RAM

GB 16 ni ìbẹ̀rẹ̀, GB 32 ni ó tọ́ sí ẹni tí ó ń ṣe 4K, GB 64 sì jẹ́ fún àwọn tí ń lo After Effects tàbí Fusion lójoojúmọ́. Ẹ ra igi méjì tí ó bára mu dípò igi ńlá kan, nítorí pé méjì ń fún CPU ní ọ̀nà méjì láti gba ẹrù. DDR4 àti DDR5 kì í bá ara wọn wọ ihò kan náà, ti laptop sì kúrú ju ti orí tábìlì lọ. Ẹ fi CPU-Z wo èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ yín kí ẹ tó jáde nílé. Àwọn laptop kan ti jó RAM mọ́ motherboard, kò ṣeé pààrọ̀; gbogbo Mac láti M1 wá sì rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà iye tí ẹ bá rà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ó lò títí.

Ìgbésẹ̀ keje: graphics card, bí ó bá kàn án

Bí ìdánwò yín bá ti fi hàn pé GPU ni, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni VRAM, ìyẹn RAM tí ó wà lórí card fúnra rẹ̀. Nígbà tí VRAM bá tán, Resolve á sọ fún yín pé GPU memory ti kún, iṣẹ́ á sì dúró síbẹ̀. GB 4 tó fún 1080p, GB 8 tó fún 4K tí kò wúwo, GB 12 sì fúnni ní ìsinmi. RTX 3060 oní-GB 12, tí ó jáde ní ọdún 2021, ṣì jẹ́ èyí tí mo lè tọ́ka sí fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ẹ̀dà oní-GB 8 wà lọ́jà tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Lẹ́yìn náà ni power supply, àpótí tí ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. RTX 3060 ń jẹ wáàtì 170, wọ́n sì ní kí power supply tó wáàtì 550. Bí ti yín bá kéré tí kò sì ní wáyà PCIe (èyí tí ń gbé iná wá fún card), RTX 3050 oní-GB 6 ń jẹ wáàtì 70 péré, inú ihò motherboard ni ó sì ti ń gba iná rẹ̀. Ẹ má fi ohun ìsopọ̀ olówó pọ́ọ́kú yí wáyà hard disk padà sí ti graphics card. Ó ń gbóná, ó sì lè jó. Ẹ fi téèpù wọn àyè inú àpótí, kí ẹ tó ra card onífáànù mẹ́ta tí kò ní wọlé. Iná aláwọ̀ mèremère tí ó ń tàn lára card kò ní mú kí fídíò jáde kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ríra tòkunbọ̀ láìkábàámọ̀

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì HP Z440 àti Dell Precision T5810 wọ́pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, wọ́n lágbára, wọ́n sì le. Ẹ kàn mọ ohun mẹ́ta nípa wọn. Xeon E5 tí ó wà nínú wọn kò ní graphics nínú, nítorí náà kò ní Quick Sync tí ó ń tú fáìlì kámẹ́rà, gbogbo ẹrù yẹn á bọ́ sórí card tàbí sórí CPU. Z440 kò ní ihò M.2, ẹ ó nílò káàdì ìsopọ̀ nínú ihò PCIe bí ẹ bá fẹ́ NVMe, power supply rẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe irú tí a ń rí níbi gbogbo. Ẹ̀kẹta ni pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀rọ ààbò kékeré) pẹ̀lú CPU Intel láti ìran kẹjọ, CPU inú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò sì tó ìran náà. Bí ẹ bá fi owó díẹ̀ kún un kí ẹ lè rí ẹ̀rọ oní-Intel ìran kejìlá, mo rò pé ẹ ó sinmi jù.

Ẹni tí ó bá lọ rajà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí tí wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́ sí i ní Adó, mọ̀ pé dídá ọjà padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Nítorí náà, ibi ìrajà ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ gbé flash kan dání tí ẹ ti kó CrystalDiskInfo, CPU-Z, GPU-Z àti H2testw sí. CrystalDiskInfo á sọ ìlera SSD àti iye wákàtí tí ó ti lò. GPU-Z á fi orúkọ tòótọ́ card hàn, ó sì lè fi àmì sí ọ̀pọ̀ ayédèrú Nvidia. H2testw á fi hàn bóyá disk tí wọ́n kọ TB kan sí lára ní TB kan lóòótọ́. Ó ń pẹ́, ẹ jókòó tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: iná, òjò àti ọyẹ́

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ sókè òkun kò mẹ́nu ba èyí, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ló ń pa ẹ̀rọ jù níbí. Iná BEDC lè lọ nígbà tí iṣẹ́ bá ń jáde lọ́wọ́, ó sì lè padà wá pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù. UPS kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ má fi nọ́ńbà VA ra UPS. Ẹ béèrè wáàtì. UPS 650VA kì í sábà gbé ju wáàtì 390 lọ, ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó sì wà fún, kí ẹ lè tọ́jú iṣẹ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ.

Fún inverter, ẹ ṣírò báyìí. Bátìrì 12V oní 220Ah kan ní wáàtì-wákàtí 2,640. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ lò kí ó má baà tètè kú, ìyẹn 1,320, ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ á sì mú un wá sí nǹkan bíi 1,100. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí òun àti ojú rẹ̀ ń jẹ wáàtì 300 á lò ó fún wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Laptop tí ó ń jẹ wáàtì 60 á lò ó fún nǹkan bíi wákàtí 18. Èyí ni ìdí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí iná àdúgbò wọn kò dára pé MacBook M1 oní-GB 16, bí kò tilẹ̀ ṣeé fi nǹkan kún, lè jẹ́ èrè fún wọn ju àpótí ńlá lọ. Ẹ yan inverter onípure sine wave, nítorí pé àwọn power supply ìgbàlódé kan kì í gba irú iná mìíràn dáadáa.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí iṣẹ́ ọdún Ùdìrókò bá ń gba àkókò yín ní Adó, òjò àti àrá ṣì wà. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri bí àrá bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má kàn pa á ní swítíìṣì. Ọyẹ́ a sì máa dé ní Oṣù Kejìlá, àsìkò tí ìgbéyàwó pọ̀ jù, pẹ̀lú eruku tí ó ń wọ fáànù. Ẹ fi bílówà fẹ́ inú ẹ̀rọ kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ di fáànù mú kí ó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, ẹ má sì gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: fífi í sínú ẹ̀rọ

Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tí ó kù nínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó kan ohunkóhun. RAM gbọ́dọ̀ dún nígbà tí ó bá wọlé. Bí kò bá dún, kò tíì wọlé. Card ní ìdè kékeré kan lẹ́yìn ihò tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ẹ tó fà á jáde. Bí ẹ bá fẹ́ gbé Windows láti disk àtijọ́ lọ sí SSD, Clonezilla jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tàn, ẹ wọ BIOS (ètò tí ó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ) kí ẹ tan XMP, nítorí pé RAM kì í lo gbogbo eré rẹ̀ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi Studio Driver ti Nvidia sí i. Nínú Premiere, ẹ lọ sí Project Settings kí ẹ rí i pé Mercury Playback Engine wà lórí CUDA. Nínú Resolve, ẹ wo Memory and GPU nínú Preferences.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí iṣẹ́ tí ẹ fi ṣe ìdánwò ní ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ jẹ́ kí ó lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kan náà, kí ẹ fi nọ́ńbà tuntun wé ti àtijọ́. Bí nọ́ńbà tí ó wà lókè tẹ́lẹ̀ kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ dá ọjà náà padà nígbà tí ọlọ́jà ṣì lè gbà á. Bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ tọ́jú RAM àti disk àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀ títí ẹ ó fi gbé iṣẹ́ oníbàárà méjì tàbí mẹ́ta jáde láìsí ìṣòro kankan, kí ẹ tó tà wọ́n.